Ikọ́ Ẹ̀ẹ̀mẹta

Pẹ́ńsùlù nìkan ni wọ́n gbà kí n mú wọlé.
Ọ̀gbẹ́ni Látúnbọ̀sún gba báírò mi, ó jù ú sínú agolo,
ó gbé ìwé kan tó wú bíi búrẹ́dì tójò pa sórí tábìlì.
"Kòkòrò ti jẹ lára rẹ̀," ó ní, "ẹ rọra ṣí i."
Mo rọra ṣí i. Eruku rẹ̀ mú mi sín.

Ní agboolé wa l'Ágbọ̀kọ́jọ́,
Àwẹ̀ró kò ní ju gbólóhùn kan lọ:
olóde mú un, odò gbé e, ó parí.
Bí ọmọdé bá bi wọ́n pé odò wo,
wọ́n á ní kó lọ wo omi tó gbé kaná.
Ṣùgbọ́n bàbá àgbà mi, nígbà tó kù díẹ̀ kó dákẹ́,
ó di ọwọ́ mi mú, ó ní:
"Ẹni tí wọ́n ní odò gbé yẹn, ó hun agbọ̀n."
Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń gbé kiri láti ọdún mẹ́sàn-án.

Ojú ìwé kẹrìnlélógójì.
Lẹ́tà Míìsì tẹ̀ bíi koríko tí atẹ́gùn ń fẹ́:
Ilé Àwọn Afọ́jú, òdìkejì odò Kúdẹtì.
Ẹnì kẹtàdínlógún: Dọ́ká.
Obìnrin. Ọmọ ọdún méjìlá, bóyá mẹ́tàlá.
Ojú méjèèjì bá ilẹ̀ gbígbóná lọ.
Orúkọ tó bá wá: Àwẹ̀ró.
Wọ́n fa ìlà gbọọrọ la orúkọ yẹn kọjá,
ṣùgbọ́n ìlà náà kò lágbára tó láti pa á.

Dọ́ká. Mo pè é wò lábẹ́ ahọ́n,
ó dà bíi bàtà ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀ mi.

Odò ò gbé e. Odò ló là kọjá.
Láti ẹnu ọ̀nà wa dé ibẹ̀,
iṣu tí wọ́n gbé kaná kò ní tíì jinná
kí èèyàn tó lọ kó tó bọ̀.
Ọgbọ̀n ọdún ó lé kan ló fi gbébẹ̀,
tó ń gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn ará ilé ń gbọ́,
tí òjò tó ń pa òrùlé wọn ń pa tirẹ̀.

Mo ka iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀:
agbọ̀n ẹja mẹ́rin, àga onípàǹkẹ́rẹ́ kan,
ẹní méjì, ọ̀kan wọ́, wọn ò tà á.
Ó ń fi ìka ka Sáàmù,
ṣùgbọ́n kì í fẹ́ ka èyí tó bá ti mẹ́nu ba ojú.
Míìsì kọ ọ́ sí i lára pé olóríkunkun ni.
Inú mi dùn.

Létí ìwé, yíǹkì mìíràn:
"Ọkùnrin yẹn tún wá lónìí. Kò sọ orúkọ.
Iṣu mẹ́ta. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́nu ọ̀nà,
Dọ́ká ju agbọ̀n sílẹ̀, ó dìde.
Kò sẹ́ni tó tíì pè é."
Lọ́dún tó tẹ̀lé e: iṣu mẹ́ta, ikọ́ mẹ́ta.
Lọ́dún tó tún tẹ̀lé e.

Gbogbo ọkùnrin ilé wa ló ń wúkọ́ bẹ́ẹ̀
kí wọ́n tó wọ yàrá ẹnikẹ́ni.
Àwa rò pé tábà ni.
Lànìhún, bàbá tó bí bàbá àgbà mi,
òun náà ló dúró láàárín agboolé
tó búra pé ojú òun ni omi fi gbé àbúrò òun lọ.
Ta ni kí n wá bínú sí?
Ẹni tó sin ín láìkú,
àbí ẹni tó ń ru iṣu tuntun gba òkùnkùn lọ bá a?
Mo fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sílẹ̀.
Látúnbọ̀sún ní àwọn fẹ́ ti ilẹ̀kùn.

Lónìí mo débẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ báyìí.
Igi máńgòrò kan ló kù, àti ògiri tí kò ju orúnkún mi lọ.
Mo di ojú mi méjèèjì. Mo wúkọ́,
mo tún wú u,
mo tún wú u.
Ọmọ tó ń po sìmẹ́ńtì dáwọ́ dúró:
"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màámi. Eruku ibí yìí náà ni.
Ẹ gba omi."